Ẹni Kọkànlá Tó Ń Jẹun Nínú Ilé

Bí ẹ bá fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jà, ẹ má wulẹ̀ bú u. Ẹ fún un lẹ́bùn ni. Mo ra aṣọ òtútù fún un lọ́dún kan. Kí n tó padà lọ kí i lọ́sẹ̀ kejì, aṣọ ti wà lọ́rùn àbúrò ìyá wa. Mo ra bàtà fún un, ó ní ó fún òun lẹ́sẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wọ̀ ọ́ lọ sílé-ìwé. Mo fún un lówó pé kó fi ra ẹran jẹ, ó fi ra ìwé fún àwọn ọmọ àbúrò wa tó ṣaláìsí. Mo bá a jà títí ohùn mi ha. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Ṣé o rí i pé ebi ń pa mí ni?"

Alágbàfọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi. Màmá Sítáàṣì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé bí ṣẹ́ẹ̀tì bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ọrùn rẹ̀ á le débi pé ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní lè wolẹ̀ wo bàtà ara rẹ̀. Yàrá iwájú nínú ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ ni ilé iṣẹ́ rẹ̀. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀ tí ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò, áyọ́ọ̀nù mẹ́ta, àti ọ̀pá irin kan tó gùn láti ògiri dé ògiri, níbi tí aṣọ àwọn oníbàárà ń rọ̀ sí. Lẹ́yìnkùlé, ó mọ ọpọ́n onísìmẹ́ńtì mẹ́ta: ọ̀kan fún fífọ̀, ọ̀kan fún ṣíṣàn, ọ̀kan fún sítáàṣì. Okùn mẹ́fà ló ta sí àgbàlá. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, aṣọ olówó àti aṣọ aláìní á máa gbá ara wọn létí níbẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí bàbá wa kú. Èmi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, àbúrò wa jẹ́ mẹ́rin. Àìsàn èémí ń ṣe ìyá wa, bó bá gbé garawa omi kan, yóò jókòó fún wákàtí kan kí àyà rẹ̀ tó balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti ń kanlẹ̀kùn kiri pé ta ló ní aṣọ ìdọ̀tí. Òun ló rán mi níwé títí mo fi rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ń pín omi fún ìlú. Ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, kú lójijì, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún un. Àbúrò wa náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì gbé àpò wọn wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá wa di arúgbó sí i lọ́wọ́. Nígbà tí ìyá wa lọ, àbúrò ìyá wa dé, kò bí ọmọ, eyín rẹ̀ sì kù méjì.

Gbogbo wa la mọ bí ayé ṣe pín in. Nígbà èwe, à ń jẹ ohun tí a kò ṣiṣẹ́ fún. Nígbà tí eegun bá le, à ń ṣiṣẹ́ ju èyí tí ẹnu wa ń jẹ lọ, kí ti ọmọdé lè tó, kí ti arúgbó náà lè tó. Nígbà tí eegun bá rọ̀, a óò tún padà sídìí àwo tí ẹlòmíràn bù. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ tìgbà èwe fún ọdún mẹ́rìndínlógún péré, ó sì ti fi ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta bọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ó ti di ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ ni pé kó jẹ ìpín tirẹ̀ kó tó lọ, kó jẹ́ kí ẹnì kan bọ́ òun náà. Mo rò pé mo fẹ́ ẹ ju bí mo ti fẹ́ ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ mi lọ. Òun kò sì gbà.

Ẹ wò ó nígbà tó bá ń bu oúnjẹ, ẹ óò mọ ohun tí mò ń sọ. Ti àbúrò ìyá wa ló máa ń kọ́kọ́ bù, ibi tó rọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, ó kan àwọn ọmọdé, láti orí èyí tó kéré jù, nítorí ó ní ẹni tó ń dàgbà kì í lè mú sùúrù. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ á fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò, á ní ibẹ̀ ló dùn jù. Irọ́ ni. Mo ti jẹ ìdí ìkòkò yẹn rí, ó ti jóná.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí àwọn oníbàárà ń pè ní Ọ̀gá Kékeré, ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ọ̀gá Kékeré ti tó ẹni ogójì ọdún, ó ti bí ọmọ mẹ́rin, káfíńtà lọkọ rẹ̀, inú ilé yẹn náà ni gbogbo wọn ń gbé. Síbẹ̀, ohun kan wà nínú iṣẹ́ náà tí ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn, bó tilẹ̀ ti fi ojú kọ́ ọ: àmì.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í kọ orúkọ oníbàárà sínú ìwé. Òwú ló fi ń dá aṣọ wọn mọ̀. Bí aṣọ bá ti wọlé, yóò fi abẹ́rẹ́ rán òwú sínú ọrùn rẹ̀, àwọ̀ kan fún ẹnì kan. Pupa ẹ̀ẹ̀kan ni nọ́ọ̀sì tó wà ní ọ̀nà ilé ìwòsàn. Búlúù ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gá ilé-ìwé. Dúdú ẹ̀ẹ̀mejì ni ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ báǹkì. Oníbàárà bí àádọ́rùn-ún, gbogbo wọn wà lórí rẹ̀. Ó máa ń fọ́nnu pé láti ọjọ́ tí òun ti bẹ̀rẹ̀, aṣọ ẹnì kan kò tíì wọ ọrùn ẹlòmíràn rí, òótọ́ sì ni.

Ó jẹ́ òótọ́ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí ọ̀gá ilé-ìwé gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan dé. Ọ̀gá ilé-ìwé yìí sanra, kí ẹ mọ̀. Ọlọ́dẹ báǹkì tín-ín-rín débi pé ẹni tó bá wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ní rí i. Ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́dẹ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé-ìwé, ó kánjú wọ̀ ọ́ láì wo ara rẹ̀, ìgbà tó wà níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gbé ọwọ́ sókè ni bọ́tìnì méjì fò. Èyí tó wà nítòsí ikùn ló bá ọmọ tó wà lórí ìlà iwájú níwájú orí. Ó ń fi bínú sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, nítorí èèyàn rere ni.

Orí bá Ọ̀gá Kékeré ṣe é, ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, òun nìkan ló wà níwájú. Ó bẹ̀ ẹ́, ó sì wo ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà. Òwú dúdú ló wà níbẹ̀. Ó lọ yẹ ìyókù wò, ó rí i pé ìyá òun kò mọ̀yàtọ̀ dúdú àti búlúù mọ́. Ojú ti ń lọ.

Kí lẹ rò pé ó ṣe? Kò sọ fún ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, ó ní òun fẹ́ máa tètè pọn omi. Yóò tú gbogbo aṣọ tí ìyá rẹ̀ ti tò kalẹ̀, yóò tún wọn tò bó ti yẹ. Kí ìkánjú má baà mú un ṣì wọ́n tò, ó ń ta kókó òwú kéékèèké sí ìsàlẹ̀ aṣọ kọ̀ọ̀kan, ní abẹ́ ìṣẹ́po, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Nígbà tí aago mẹ́fà bá lù, tí ìyá rẹ̀ bá jáde, omi á ti kún, aṣọ á ti wà ní ààyè wọn. Èmi nìkan ló fi ọ̀rọ̀ náà hàn. Ó ní bí òun bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, òun á mọ̀ pé èmi ni. Mo pa ẹnu mọ́. Bí àwọn oníbàárà bá gbọ́, wọ́n á sá, ìyẹn burú. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá gbọ́, mi ò mọ ohun tí ìyẹn máa fà, ìyẹn ló sì ń já mi láyà jù.

Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn náà ni obìnrin kan ti ilé-iṣẹ́ ìjọba wá. Ó gbé ìwé ńlá kan lọ́wọ́, ó ní ìjọba fẹ́ mọ bí ọmọdé, géńdé àti arúgbó ṣe ń pín ohun tó ń wọlé nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ta ló ń ṣiṣẹ́, ẹni ọdún mélòó ni, ta ló ń jẹ nínú rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, nítorí pé láyé rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe kí ó sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó dúró ṣánṣán. Ó ka gbogbo ará ilé fún un, wọ́n jẹ́ mọ́kànlá. Nígbà tí obìnrin náà bi í pé àwọn mélòó ló ń mówó wálé, ó ní mẹ́ta: òun, ọmọ òun, àti káfíńtà.

"Àwọn tó ń jẹ ńkọ́, Màmá?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà wọ́n. Àbúrò ìyá wa. Ọmọ Ọ̀gá Kékeré mẹ́rin. Ọmọ àbúrò wa méjì. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó wà nílé-ìwé gíga. Ọ̀gá Kékeré. Káfíńtà. "Mẹ́wàá," ó ní.

Obìnrin náà wo ìwé rẹ̀. "Mọ́kànlá lẹ kọ́kọ́ pè fún mi, Màmá. Ẹnì kan ti sọnù."

Ẹ̀gbọ́n mi tún un kà, láti orí àgbà dé orí ọmọdé, jẹ́jẹ́ báyìí. Mẹ́wàá náà ni. Ó wo obìnrin náà bí ẹni pé ìwé rẹ̀ ló láṣìṣe. Gbogbo wa dúró, a ń wá ẹni tó sọnù. Àbúrò ìyá wa, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí a rò pé ó ti sùn, ló là á.

"Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé afẹ́fẹ́ lò ń jẹ ni?"

Ilé wó fún ẹ̀rín. Ẹ̀gbọ́n mi náà rín in, ó fọwọ́ bo ojú. Èmi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra, nítorí pé ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ló ti ń bu oúnjẹ nínú ilé yẹn. Obìnrin náà tún bi í pé ta ló wá ń bọ́ Màmá fúnra rẹ̀. Ẹ̀rín ti kúrò lójú ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó dáhùn.

"Kò sẹ́ni tó ń bọ́ mi. Ọwọ́ mi ló ń bọ́ mi. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo wo Ọ̀gá Kékeré. Ó tẹrí mọ́ tábìlì, ó ń lọ ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan tí ó ti lọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí obìnrin náà lọ, mi ò lè mú un mọ́ra. Mo ní, Ẹ̀gbọ́n mi, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu; ẹ sinmi, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ó ní kí n lọ bá òkété sọ ọ́. Mo ní agídí rẹ̀ pọ̀ jù. Ó ní ta ló fi agídí rán mi níwé? Mo gbé fìlà mi, mo bínú lọ, ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi dé ibẹ̀.

Inú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ló ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́rú kan ni, Ọ̀gá Kékeré ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Òjò ń ṣú, wọ́n sáré ká aṣọ wọlé, ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ nọ́ọ̀sì pọ̀. Ojú lè ṣòro fún ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò tíì gbàgbé nǹkan kan. Àtàǹpàkò rẹ̀ gba abẹ́ ìṣẹ́po aṣọ náà kọjá, ó dúró. Ó padà sẹ́yìn. Kókó kan wà níbẹ̀ tí òun kò ta. Ó mú aṣọ mìíràn, ó tún bá kókó. Ó lọ sídìí ọ̀pá irin, ó ń mú aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka wá ìsàlẹ̀ wọn, títí ó fi dé òpin ọ̀pá náà. Ó sì yípadà.

"Ta ló ń ta kókó sídìí aṣọ mi?"

Ọ̀gá Kékeré kúnlẹ̀. "Èmi ni, Màámi."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́dẹ ti lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé. Ó ti lé lọ́dún kan." Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti dúdú àti búlúù, ti aago mẹ́rin ààbọ̀, ti omi pípọn tó fi ń bojú.

Ìyá rẹ̀ kò pariwo. Ó di tábìlì mú. "Nígbà tí mo sọ fún obìnrin oníwèé yẹn pé kò sẹ́ni tó ń bọ́ mi, o wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀, Màámi."

"O ò sọ nǹkan kan."

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin lẹ fi kọ́ mi. Ẹ ò gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo ní kí n kúkú ṣe é láìjẹ́ kẹ́ ẹ rí i."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọmọ rẹ̀ pẹ́. Ọ̀gá Kékeré ní òun kò rí irú ojú yẹn rí lára rẹ̀, pé kì í ṣe ìbínú, kì í sì í ṣe ayọ̀.

"Ó ti pé ọdún kan, nígbà náà," ó ní, "tí mo ti ń jẹ lọ́wọ́ rẹ, tí mi ò mọ̀."

Ó wọ yàrá lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi dé yàrá iwájú. Gbogbo ilé ń yọ́ rìn. Àbúrò ìyá wa nìkan ni ẹ̀rù kò bà, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ẹni tó bá gbé ẹrù pẹ́, bí wọ́n bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún un, ọrùn ló máa kọ́kọ́ dùn ún. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ̀gbọ́n mi jáde. Ó kó gbogbo òwú rẹ̀ àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ fún Ọ̀gá Kékeré. Ó jókòó sórí garawa tí ó dojú dé, ó sì ka gbogbo oníbàárà náà sí i létí lẹ́ẹ̀kan sí i, bí àádọ́rùn-ún, láì ṣe àṣìṣe ẹyọ kan. Bí oníbàárà bá dé lọ́jọ́ yẹn, á ní kí wọ́n máa bá ọmọ òun sọ ọ́, òun ló ni ilé iṣẹ́ báyìí. Nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé dé, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló tọrọ àforíjì bọ́tìnì méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti fi iṣẹ́ kan fọ́nnu fún ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, tó tún lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àṣìṣe rẹ̀ láì fa ọ̀rọ̀ gùn, mo júbà rẹ̀.

Ó sì ránṣẹ́ pè mí.

Mo mọ̀ pé ó ti gbọ́ pé mo mọ̀ sí i. Mo ń rìn lọ, mo ń to ẹ̀bẹ̀ jọ lẹ́nu. Mo bá a lórí ibùsùn rẹ̀, ó ń wo ògiri. Mo dọ̀bálẹ̀, kò wò mí. Ó wá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sọ èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́.

"Ra àga kan fún mi."

Mo ní ṣé tàwọn oníbàárà ni, kí wọ́n máa rí ibi jókòó. Ó ní rárá. Mo ní ṣé ti àbúrò Màámi ni. Ó ní ìyẹn ní tirẹ̀. Mo ní ṣé káwọn ọmọ lè máa fi kàwé ni.

"Fún èmi ni. Kó ní ibi tí mo máa gbé apá lé. Kí tìmùtìmù rẹ̀ nípọn. Má sì lọ ra èyí tó dínwó, ó ti pẹ́ tó o ti ń ṣiṣẹ́."

Mo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, mo ní ọmọ tó ti gbéyàwó. Mo sunkún níwájú rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ó wá wò mí nígbà náà, ó ní ṣé owó ni kò sí lọ́wọ́ mi ni, kí òun dín nínú tìmùtìmù?

Káfíńtà ọkọ Ọ̀gá Kékeré ló kàn án. Ó ní òun ò ní gba owó iṣẹ́, pé ìyá ìyàwó òun ni. Mo ní kó gba owó mi pé pérépéré, nítorí èmi ni wọ́n rán, kò sì sí ẹni tó máa bá mi pín in. Igi tó dára ló lò. Tìmùtìmù rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbìyànjú rẹ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù, tí oorun sì fẹ́ gbé mi lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la gbé e dé. A gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá iwájú, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó fọwọ́ pa aṣọ rẹ̀, ó ní ẹni tó rán an mọ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ó jókòó. Ó gbé apá kan lé e, ó gbé ìkejì, ó fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá Kékeré bu oúnjẹ wá, ó gbé e fún un kó tó gbé ti ẹnikẹ́ni. Kò wo ìdí ìkòkò. Ó gba àwo, ó ń jẹ.

Bẹ́ẹ̀ la wà nígbà tí ọmọ Ọ̀gá Kékeré tó kéré jù, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, wọlé wá láti àgbàlá. Ó rí àga, ojú rẹ̀ dán. Ó wá di apá àga náà mú, ó gbé orúnkún kan lé e, ó fẹ́ gùn ún. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò mọ ohun tó kàn. Ẹ̀gbọ́n mi á dìde, ọmọ á jókòó, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Mo ti la ẹnu láti jágbe mọ́ ọmọ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi kò dìde. Ó mú orúnkún ọmọ náà, ó rọra gbé e sọ̀ kalẹ̀.

"Jókòó sílẹ̀, ọkọ mi," ó ní. "Tèmi lèyí."

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wò mí, ó sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.